Láàbù tó ní kí n má sanwó

Láàbù kékeré kan wà lọ́nà Ṣàgámù, ní Ìkòròdú níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí pé bí mo ṣe fẹ́ yìn wọ́n náà ni mo ní ẹjọ́ wọn í rò. Ibẹ̀ la ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọmọ mi ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àrùn Duchenne, tó ń sọ iṣan di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, ló ń bá a jà. Tí ẹ bá wo ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, ó ki, ẹ ó ní elégbára ọmọ nìyí. Àmọ́ bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún, á tún fi ti itan, kó tó nàró.

Àyẹ̀wò CK, èròjà inú iṣan tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá bàjẹ́, ni dókítà ní ká lọ ṣe. Iye rẹ̀ lára àgbàlagbà kì í sábà ju 200 lọ púpọ̀. Tọmọ wa kọjá 10,000. Èmi wá ní kí wọ́n bá mi fi kálíṣíọ̀mù kún un. Tíṣà kẹ́místírì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti kà á pé kálíṣíọ̀mù ló ń ba iṣan àwọn ọmọ yìí jẹ́.

Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san owó yẹn. Tinú ẹ̀jẹ̀ ò ní lé, kò ní dín. Inú iṣan ni wàhálà wà. Àfi tí dókítà bá bèèrè fún un nítorí eegun rẹ̀.”

Ta ló ń lé owó sẹ́yìn nílùú yìí?

Òótọ́ ló sì sọ. Kálíṣíọ̀mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì fi bí ìlọ́po 10,000 ju èyí tó wà lómìnira nínú rẹ̀ lọ. Awọ tó bo okùn iṣan ló ń dá a dúró. Àwọn ọmọ yìí ò ní dystrophin, èròjà purotéènì tó ń mú awọ náà le, nítorí náà ó ń ya bí wọ́n ti ń rìn. Kálíṣíọ̀mù á ya wọlé, á jí àwọn èròjà tó ń jẹ iṣan run. CK ní tirẹ̀ á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1978, àwọn olùwádìí Bodensteiner àti Engel fi aró wá kálíṣíọ̀mù yìí nínú okùn iṣan 567,000, láti inú ègé iṣan 114.

Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó fi àwòrán irú iṣan bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ó rí bí afárá oyin, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ okùn iṣan kan, àwọn tó ń kú lọ sì kún fún kálíṣíọ̀mù. Ìtànṣán ẹ́síréè tín-ín-rín ni wọ́n fi ń tọ ẹran náà lójú kọ̀ọ̀kan, élímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan á sì dá ìtànṣán tirẹ̀ padà. Henry Moseley, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló là á yé wa ní 1913. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́: bí a bá fi kálíṣíọ̀mù sínú iná, iná á pupa bíi bíríkì, ti pọ̀tásíọ̀mù á di elése àlùkò. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, bàbá. Synchrotron, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya irú àwòrán yìí dáadáa, wà ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, ọ̀kan wà ní Jọ́dánì tí wọ́n ṣí ní 2017. Áfíríkà ò ní ẹyọ kan.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Ọmọ náà ń lo oògùn prednisolone tó lè dín pọ̀tásíọ̀mù ara kù, dókítà sì fẹ́ mọ pọ̀tásíọ̀mù rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tán, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀ ò ṣiṣẹ́. Nígbà tíná fi dé, omi ẹ̀jẹ̀ ti pọ́n. Inú sẹ́ẹ̀lì ni pọ̀tásíọ̀mù pọ̀ sí, bí 140 mmol/L. Ti omi ẹ̀jẹ̀ ò yẹ kó ju bí 5 lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti bẹ́ sínú túùbù, irọ́ ni ìwé yóò máa pa. Obìnrin yẹn kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeun, àmọ́ ta ni yóò san owó ọkọ̀ wa láti Igbógbó, ta ni yóò sì bẹ ọmọ tí wọ́n tún gún lábẹ́rẹ́? Ẹ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe!

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, àtẹ̀gùn náà sì ga. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín lórí bẹ́ǹṣì. 12,000 náírà ni wọ́n gba CK lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gba tíránsífà. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ sáré kiri kẹ́ ẹ tó lọ, eré sísá máa ń gbé CK sókè.