Perge, Myra tàbí Termessos: ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan wo láti Antalya ló tó owó yín?

Ẹni tó bá dé sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Antalya, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì, kò ní pẹ́ pàdé àwọn tó ń ta ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀sì á gbé yín láàárọ̀, á dá yín padà nírọ̀lẹ́, amọ̀nà á sì máa ṣàlàyé ahoro àwọn ìlú ayé àtijọ́ fún yín. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀: ti ìlà-oòrùn tó ń lọ sí Perge, Aspendos àti Side, ti ìwọ̀-oòrùn tó ń lọ sí Myra àti Kekova, àti ti orí òkè, ìyẹn Termessos. Bí wọ́n ṣe ń polówó wọn, èèyàn á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èmi kì í ka iye ìlú tí wọ́n tò sínú ìwé. Wákàtí tí ẹsẹ̀ mi máa fi wà nínú ahoro gan-an ni mo máa ń béèrè.

Ìlà-oòrùn: Perge, Aspendos, Side

Èyí ni wọ́n ń tà jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, kò sì jìn: Perge tó nǹkan bíi kìlómítà 18 sí Antalya, Aspendos tó bíi 45, Side tó bíi 75.

Perge ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ roboto méjì, bí orí wọn tilẹ̀ ti wó. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ máa bọ́ sí títì gbọọrọ kan tí òpó òkúta tò sí lọ́tùn-ún lósì, tí ojú omi sì la àárín rẹ̀ já. Láti ìsàlẹ̀ òkè ni omi yẹn ti ń ṣàn gba àárín ìlú. Pápá ìṣeré wọn, tí nǹkan bí 12,000 èèyàn lè jókòó sí, wà lára èyí tí kò bàjẹ́ jù nínú irú rẹ̀ láti ayé Róòmù. Ẹ bi amọ̀nà yín nípa Plancia Magna. Obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, ní sẹ́ńtúrì kejì lẹ́yìn Kristi. Àlùfáà òrìṣà Artemis ni, ó di ipò àṣẹ tó ga jù ní ìlú náà mú, òun ló sì fi owó ara rẹ̀ tún ẹnubodè yẹn ṣe, tó to ère sí i. Amọ̀nà tí kò bá rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀ kò mọ Perge.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì ti mọ ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Pẹ́gà tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 13:13 ni, níbi tí Jòhánù Máàkù ti fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó padà sí Jerúsálẹ́mù. Atalíà inú 14:25 ni Antalya òní.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìrìn àjò ìlú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan yìí ni pé Perge ni wọ́n sábà máa ń gé kúrú. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n á fi ìsun omi Manavgat tàbí Kurşunlu rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá rí "Aspendos, Side àti ìsun omi", ẹ mọ̀ pé ahoro tó lọ́rọ̀ jù ti bọ́ síta.

Tíátà Aspendos fúnra rẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Zeno, ọmọ ìlú náà, ló kọ́ ọ nígbà ìjọba Marcus Aurelius, olú ọba Róòmù, láàárín 161 sí 180. Ògiri ẹ̀yìn pèpéle rẹ̀ ṣì dúró títí dé òkè, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìdí tí kò fi wó ni pé àwọn ọba Seljuk, ìyẹn àwọn Tọ́kì tó ń jọba níbẹ̀ nígbà náà, tún un ṣe ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, wọ́n sì lò ó. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún opẹ́rà níbẹ̀. Ẹ gun ìjókòó tó ga jù, kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì máa ń padà láti ẹnu ọ̀nà tíátà, láìdé ibi afárá òkúta tí wọ́n fi ń gbé omi wá sí ìlú. Àwọn ilé gíga tó wà lójú ọ̀nà omi náà máa ń yà mí lẹ́nu: agbára omi fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í gòkè, kó tó tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á dé ibẹ̀.

Side lẹ́wà, pàápàá àwọn òpó tẹ́ńpìlì Apollo létí òkun. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń ta ọjà ló wà lórí ahoro ọ̀hún, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ yín rìn ín láìní amọ̀nà.

Ìwọ̀-oòrùn: Myra àti Kekova

Demre, níbi tí Myra wà, tó nǹkan bíi kìlómítà 140, ọ̀nà etíkun ibẹ̀ sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀, kí ó mú oògùn dání. Ní Myra, ẹ máa rí ibojì àwọn ará Lycia, ìyẹn àwọn tó ń gbé agbègbè yẹn láyé àtijọ́, tí wọ́n gbẹ́ sójú àpáta gíga. Wọ́n gbẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn àti igi àjà sára òkúta bíi pé ilé onígi ni. Tíátà ńlá wà nísàlẹ̀ wọn. Níbí ni wọ́n ti gbé Pọ́ọ̀lù, tó ti di ẹlẹ́wọ̀n, wọ ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà tó ń lọ sí Ítálì (Ìṣe 27:5-6). Ṣọ́ọ̀ṣì Nicholas Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Myra, wà nítòsí; lọ́dún 1087 ni àwọn awakọ̀ òkun láti Bari kó egungun rẹ̀ lọ sí Ítálì.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ ojú omi á gbé yín gba Kekova, níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti ri apá kan ìlú sínú òkun. Ẹ má retí ìlú odindi lábẹ́ omi. Ògiri àti àtẹ̀gùn tó wọ inú òkun lọ lẹ máa rí, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ omi ló máa jẹ púpọ̀ nínú ọjọ́ yín. Ẹni tó fẹ́ràn òkun kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó wá torí ahoro nìkan lè rò pé ó kéré. Ẹ wádìí owó dáadáa, torí Myra, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọkọ̀ omi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó wọn.

Orí òkè: Termessos

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo fẹ́ràn jù, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo lè rán lọ. Ó ga ju mítà 1,000 lọ, nínú igbó ọba ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Antalya. Alẹkisáńdà Ńlá dé ibẹ̀ ní 333 ṣáájú Kristi, kò rí i gbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ìlú mìíràn tí wọ́n kọ́ lé e lórí, nítorí náà ibi tí òkúta wó sí náà ló wà. Tíátà rẹ̀ wà létí ọ̀gbun, òkè ńlá sì kọjú sí i.

Ṣùgbọ́n gígun ni, lórí òkúta àti gbòǹgbò igi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù lókè, kò sì sí omi. Bí ìyá yín bá ń kérora orúnkún, tàbí ọmọdé kékeré bá wà lẹ́yìn yín, ẹ mú ti ìlà-oòrùn. Bọ́ọ̀sì ńlá kì í sábà lọ síbẹ̀. Àwùjọ kékeré ló pọ̀, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san sì lè wọ́n sí i. Síbẹ̀, ó tó owó náà.

Kí ẹ tó sanwó

Owó ìwọlé ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Yúrò ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ fún àjèjì. Ìrìn àjò tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè jẹ́ owó bọ́ọ̀sì lásán, kí ẹ wá máa sanwó ní gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Èkejì ni ilé ìtajà. Ìrìn àjò tó pọ́ọ́kú jù sábà máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń ta awọ, wúrà tàbí kápẹ́ẹ̀tì, torí pé ilé ìtajà máa ń san ìpín fún wọn lórí ohun tí ẹ bá rà. Wákàtí tí ẹ bá lò níbẹ̀, nínú ti Perge ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ní yà.

Ẹ béèrè èdè náà. Bí amọ̀nà kan bá ń fi èdè Jámánì, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ máa dúró nínú oòrùn púpọ̀ ju bí ẹ ṣe máa gbọ́ ohun tó nítumọ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ Tọ́kì sọ pé amọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kó sì fi káàdì rẹ̀ hàn. Ilé iṣẹ́ arìnrìn àjò náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà TÜRSAB, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ arìnrìn àjò ilẹ̀ Tọ́kì. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá ló dára jù. Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ lórí òkúta funfun yẹn kò ṣeé fojú kéré.

Ẹni tí kò fẹ́ bọ́ọ̀sì rárá lè fi tíráàmù lọ sí Aksu, kó rìn bíi kìlómítà 2 dé Perge. Bí ẹ bá sì tó mẹ́rin, ẹ béèrè iye tí ọkọ̀ tiyín pẹ̀lú amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ máa jẹ́, kí ẹ fi wé owó bọ́ọ̀sì ẹni mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín dé Perge kí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó dé, kí ẹ fi ọ̀sán rí Aspendos àti afárá omi rẹ̀, kí Side wá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́.