Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta máṣíìnì tòkunbọ̀: bí wọ́n ṣe lu èmi àti ìyàwó mi ní jìbìtì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ń múra láti ra máṣíìnì fún ìyàwó, fún ọkọ, tàbí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kó jọ̀ọ́ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kó tó yọ kọ́bọ̀ lápò. ₦480,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Owó kọ́póréètìfù ni. Wọ́n ṣì ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, máṣíìnì náà sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kò wúlò fún ẹnì kankan. Bí mo bá jí lówùúrọ̀ tí ojú mi bá kàn án, ṣe ni inú mi tún máa ń ru.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Ìsẹ́yìn la ń gbé, abúlé tí wọ́n gbé e lọ sì jìn sí títì. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó owó oṣù rẹ̀ tán, bí òjò bá sì rọ̀, kò sí ọlọ́kadà tó máa gbà láti lọ síbẹ̀, iye yòówù kéèyàn pè. Ló bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Boxer àbúrò mi ló kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní pápá iléèwé. Boxer ga jù fún un. Orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀, bó bá sì ti jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ báyìí, máṣíìnì á fò síwájú, á sì kú. Ìka tó tọ́ símú là á fi í romú. A fẹnu kò pé lédììsì ló yẹ ẹ́, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí jókòó rẹ̀ kò ga, tí obìnrin tó ró ìró tàbí tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gba iwájú gbẹ́sẹ̀ wọ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè lójú ọmọ iléèwé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò wádìí. Mo wádìí dáadáa. Mo mọ̀ pé láti 1958 ni Honda ti ń ṣe irú máṣíìnì yìí, àti pé nígbà tó fi máa di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 100. Mo mọ̀ pé Honda C70, lédììsì tí mo fẹ́ rà, kò wuwo, pé jíà mẹ́ta ló ní, ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn fi ń yí i, pé kì í jẹ epo. Mo bi àwọn tó ti gùn ún rí. Kì í ṣe pé mo kàn gbé owó mi lọ sọnù.

Ìbàdàn ni mo ti lọ rà á. N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà níbí torí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi, máṣíìnì tò lọ rẹrẹ níta, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn. "Dádì mi, ẹ káàbọ̀. Dádì mi, ẹ jókòó." Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Dádì, ta ló fẹ́ máa gùn ún?" Èmi náà la ẹnu, mo ní ìyàwó mi ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Bó ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀ ló pe ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó lọ gbé "ti inú yàrá" wá. Mo ní àwọn tó wà níta yìí ńkọ́? Ó ní ìyẹn ti àwọn ọlọ́kadà ni, pé ti inú yàrá ni òun fi pamọ́ fún àwọn èèyàn gidi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnu wọlé ni.

Mo ti ro ìbéèrè yẹn títí, oorun kì í kùn mí nítorí rẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án nínú ẹni tó máa gùn ún! Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó máa gùn ún á mọ ìyàtọ̀ láàárín máṣíìnì tó dáa àti èyí tó ti kú ni. Ọlọ́kadà á mọ̀ kó tó dé ìkóríta. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní mọ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkú máṣíìnì fún.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó gbóná. Mo bi ọmọọṣẹ́ náà léèrè. Ó ní oòrùn ni. Oòrùn wo nínú yàrá? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì dákẹ́. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ ni, torí bó bá tutù, kì í sítáàtì bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ sọ pé ó yẹ kí n mú mẹkáníìkì dání, mo mú un dání! Mọ́níyà ni mo ti gbé e, wọ́n júwe rẹ̀ fún mi ni, mo sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó tẹ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, ó sítáàtì. Ó gùn ún yíká iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò bá rà á, ẹlòmíì á rà á kílẹ̀ tó ṣú." Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ọmọọṣẹ́ kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin náà sọ fún mi pé oníbàárà yòówù tí mẹkáníìkì yẹn bá mú wá, owó tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi sanwó fún un, ẹni tó ń jà mí lólè náà sanwó fún un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fúnra mi kí n tó ra máṣíìnì ni?

Ọkùnrin tó ń tà á sì ṣe ojú àánú, ó fi àṣíborí kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2009 ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti ń mú ọ̀rọ̀ àṣíborí le, inú mi dùn pé ìyẹn kò tún ní jẹ́ ìnáwó. Fóòmù inú rẹ̀ ti gbó, ó ń rún dà sí ìyàwó mi nírun bí ìyẹ̀fun.

Kò pẹ́ tí máṣíìnì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù, tó ń gbòórùn ọ́ílì. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, gbogbo lédììsì ló ń rú u, ọ́ílì tí wọ́n ń pò mọ́ epo ni." Irọ́ pátápátá! Òótọ́ ni pé Yamaha V80 àti Suzuki FR80 ń lo ọ́ílì mọ́ epo, wọ́n sì ń rú díẹ̀. Honda C70 kì í lò ó. Epo nìkan ló ń mu, ọ́ílì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀. Bó bá ti ń rú èéfín búlúù, ríìngì tó ń sé ọ́ílì mọ́lẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì ti jẹ, ọ́ílì ti ń gòkè. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Ó ń ta máṣíìnì, kò lè ṣàìmọ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ kì í ṣe owó. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi bá gùn ún, iwájú rẹ̀ máa ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, "Dádì Ìbùkún, ọwọ́ mi kò dúró." Èmi náà ń pariwo mọ́ ọn ní pápá pé, "Di ọwọ́ rẹ̀ mú! Má wo ilẹ̀!" Àwọn ọmọ àdúgbò dúró, wọ́n ń wò. Obìnrin yìí sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé bóyá òun ti dàgbà jù láti kọ́ ọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan, ara rẹ̀ ló máa ń dá lẹ́bi.

Ọjọ́ tó ṣubú, ṣe ló rọra ń gùn ún lọ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, kò sáré. Ó fẹ́ yà ní kọ́nà, ọwọ́ máṣíìnì yí, iwájú kò tẹ̀lé e. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ bó la tó gbé máṣíìnì lọ bá mẹkáníìkì àgbàlagbà kan nílùú wa. Bàbá yẹn kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tú ike iwájú tó ń bo ẹsẹ̀, ó mú síkúrú-dáráfà, ó ha ọ̀dà ní ọrùn fírémù. Ọ̀dà nípọn, ó ń ṣí bí èèpo. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jó irin pọ̀ yíká ọrùn náà, ojú ibi tí wọ́n jó ọ̀hún sì ti ń là. Ó ní ká dúpẹ́ pé pápá ló ti ṣẹlẹ̀, pé bó bá jẹ́ títì ni, ọrùn yẹn á yọ kúrò lábẹ́ ìyàwó mi. Ó tún nu ẹ́ńjìnì, ó ní kí n wá wò ó. C70E ló yẹ kó ṣáájú nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì C70. Èyí tí mo rí níbẹ̀ ni 147FMD, àmì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí ọkùnrin tó tà á kó fún mi kò sí lára máṣíìnì náà níbì kankan. Ta ló mọ ibi tí fírémù ọ̀hún ti wá? Bí ọlọ́pàá bá mú ìyàwó mi lójú ọ̀nà ńkọ́?

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó tà á fún mi. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. "Alàgbà" ló ń pè mí. Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ rísíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, kò sí ìpadà. Ó ní ìyàwó mi tí kò mọ̀ ọ́n gùn ló bà á jẹ́. Ìyàwó mi! Ó wá ní òun lè rà á padà ní ₦150,000. Ẹ gbọ́ mi o, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 wà, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí rísíìtì ti dí yín lọ́nà láti dá ọjà tó lábùkù padà. Èyí ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti ọlọ́pàá. N kò ní í tà á fún un. Ẹlòmíì ló máa tún kùn ún fún.

Ẹ má sọ fún wọn pé ẹni tó ń kọ́ ọ lẹ fẹ́ rà á fún. Ẹ sọ pé ọlọ́kadà ni. Ẹ pè wọ́n ṣáájú pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ bá a ní tútù. Mẹkáníìkì tí ẹ fúnra yín ti ń lò tipẹ́ ni kí ẹ mú lọ. Ẹ fi ìwé wé nọ́ńbà fírémù àti ti ẹ́ńjìnì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ rọra tú ọwọ́ díẹ̀, ẹ wò ó bóyá á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ kúkú ra tuntun. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta tòkunbọ̀ gbọ́ mọ́, bó ti wù kó máa kírun tó tàbí kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó.

Pupa ni wọ́n kun tiwa, pupa tó ń dán yànrànyànràn. Ọjọ́ tí mo lọ bá a jà, lédììsì méjì míì ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà pupa kan náà, ó ṣì ń rùn. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ fún yín ní Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n tú ike iwájú kúrò, kí ẹ ha ọrùn fírémù wò. Bí wọ́n bá ní ẹ má ha á, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ sílé.