Moodle lọ́wọ́ olùkọ́ Àjàṣẹ́ àti Kétu: a yẹ apá ìdánwò rẹ̀ wò

Olùkọ́ wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), àwọn tó ń kọ́ fọ́n ká sí Kétu, Pobẹ́ àti àwọn abúlé tó sún mọ́ ibodè Nàìjíríà. Báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà yé wọn? Nínú àwọn ohun èlò tó wà fún un, Moodle, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ fi ń kọ́ni tó sì fi ń dánni wò, la fọwọ́ sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tojú sú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ọ̀fẹ́ ni. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, ló gbé e jáde ní 2002, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé e sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì) tirẹ̀. Owó sáfà àti ti orúkọ ìkànnì nìkan lẹ máa san. Apá ìdánwò tí wọ́n pè ní « Test » lójú ewé Faransé la dúró lé lórí jù, a ó sì fẹnu ba « Devoir », apá iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ohun tó gbé e ga lójú wa ni pé ọmọ lè ṣe ìdánwò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Á ṣí áàpù Moodle lórí fóònù níbi tí kónẹ́síọ̀n wà, á gba ìdánwò náà sílẹ̀, á dáhùn rẹ̀ nílé tàbí lóko, nígbà tó bá tún bọ́ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á fi ránṣẹ́. Àmọ́ ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbà á láyè, nínú ètò ìdánwò náà, pé kí wọ́n máa ṣe é nínú áàpù láìsí kónẹ́síọ̀n. Ẹ má fi gbèdéke àkókò sí i: bí ẹ bá kọ ìṣẹ́jú 30 síbẹ̀, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ẹ má sọ pé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan pàtó ni kí wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn náà, « Feedback a posteriori » ni kí ẹ yàn, ìyẹn ni pé ọmọ ò ní mọ èyí tó gbà títí á fi parí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, kò ní ṣeé gbà sílẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù kò gbọdọ̀ lọ máa bá a lọ lórí kọ̀ǹpútà sáíbà kó tó fi ti fóònù ránṣẹ́. Ìdáhùn méjèèjì á forí gbárí, ọ̀kan á ṣòfò.

Ìdánwò tí kò ní àkókò, wọ́n á ṣí ìwé wò, wọ́n á sì bi ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni ká fi í ṣe, kí ọmọ fi mọ ibi tí kò yé e. Máàkì tó máa gbé e kọjá kíláàsì, ìdánwò ẹnu lórí fóònù ni kó ti wá: ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ mú wọn jáde látinú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ẹni tí wọ́n bá bá kọ ọ́ ò ní lè ṣàlàyé rẹ̀.

Irú ìbéèrè tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ̀bi olùkọ́ sì ni èyí, kì í ṣe ti Moodle. « Òótọ́ ni àbí irọ́ » ló yá jù láti kọ, òun náà ló burú jù. Lórí 20 la ń gba máàkì níbí, 10 sì ni moyenne, ìyẹn máàkì àtiyege. Ọmọ tí kò kàwé rárá, tó kàn ń tẹ èyí tó bá wù ú, nǹkan bíi 10 ni yóò máa rí. Moyenne ọ̀fẹ́! Nínú QCM (ìbéèrè tí ọmọ ti ń yan ìdáhùn kan) onídàáhùn mẹ́rin, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á rí bíi 5. Ẹ fi −33,33333 % sí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò tọ̀nà, títẹ̀ ṣáá ò ní mú nǹkan kan wọlé mọ́. Èyí tó tún wù wá ju ìyẹn lọ ni ètò tó ń bi ọmọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá a lójú tó. Ìpele mẹ́ta ni: bó bá gbà, á rí 1, 2 tàbí 3, bó bá kùnà, á rí 0, −2 tàbí −6. Ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ á jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ó ṣeé lò láìsí kónẹ́síọ̀n pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má gbé máàkì rẹ̀ sínú bulletin (ìwé èsì ọmọ), torí ó lè gbé ọmọ kọjá 20.

Fún ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá, ìdáhùn kúkúrú ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Lẹ́tà sí lẹ́tà ni Moodle ń fi ohun tí ọmọ tẹ̀ wé ohun tí olùkọ́ kọ sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin á kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Ẹni tó ń ka ìwé Nàìjíríà á kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹ̀pà, ẹ kọ ẹ̀pà àti ɛ̀kpà sókè pẹ̀lú 100 %, kí ẹ wá kọ ẹpa, ɛkpa, epa àti ekpa sísàlẹ̀ pẹ̀lú 80 %, nítorí kíbọọ̀dù fóònù ọ̀pọ̀ ọmọ ò ní àmì ohùn. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ni Moodle ń mú, kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àmì * tó dúró fún ìdáhùn yòówù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú 0 %. Bó bá wà lókè, gbogbo kíláàsì ló máa gba odo.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ wo « Statistiques ». Bí ìbéèrè kan bá ní « indice de discrimination » tó wà lábẹ́ odo, àwọn tó mọ̀wé ló ń kùnà rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń gbà á. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, olùkọ́ ló fi 100 % sí ìdáhùn tí kì í ṣe. Fún ọmọ mẹ́wàá, ẹ má gbára lé nọ́ńbà yìí.

« Devoir » dára fún iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú ìwé tí wọ́n sì yà ní fọ́tò. Ẹ sáà wo gbèdéke ìwọ̀n fáìlì kó má baà kọ fọ́tò ńlá. Ẹ lè gba fáìlì máàkì CSV (tábìlì tí Excel lè ṣí) sílẹ̀, kí ẹ kún un nílé nígbà tí kò sí kónẹ́síọ̀n. UTF-8, ìlànà tó ń pa àmì lẹ́tà mọ́, ni kí ẹ fi pa á mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ tó ní ẹ àti ọ á di wúruwùru. Excel ti Faransé sì sábà máa ń fi « ; » pààlà, ẹ yan òun náà nígbà tí ẹ bá ń dá fáìlì padà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó sáfà bóyá cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ àdáṣe sáfà, ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìdánwò tí àkókò rẹ̀ ti pé kò ní ti ara rẹ̀, lẹ́tà ìfitónilétí ò sì ní jáde. Ẹ rántí yí máàkì tó ga jù sí 20 pẹ̀lú, torí 10 ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Google, yá ju Moodle lọ láti gbé kalẹ̀, kò sì béèrè sáfà. Ṣùgbọ́n kò ní gbèdéke àkókò tirẹ̀, ọmọ tí yóò fi fáìlì ránṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Google. Bí kíláàsì yín bá kéré, tí gbogbo wọn sì wà láàárín Àjàṣẹ́ níbi tí kónẹ́síọ̀n ti ń dúró, ó tó yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lóko Kétu, Moodle ni kí ẹ gbé.