Strong Tàbí Athletic: Èwo Ni Kí O Mú Nínú Project Zomboid?

Project Zomboid jẹ́ géèmù kọ̀ǹpútà tí o ti ń gbìyànjú láti yè láàárín àwọn òkú tó ń rìn (zombie); Strong àti Athletic jẹ́ àbùdá méjì tí o lè fi póìǹtì rà fún ẹni tí o fẹ́ fi gbá a. Láàárín àwa tí a jọ ń gbá géèmù yìí ní Yaba, ìbéèrè yìí kì í tán. Póìǹtì 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ní Build 41, ìyẹn ẹ̀dà kan lára géèmù náà, nítorí náà iye kọ́ ló yà wọ́n.

Strong ń fi ìpele 4 kún agbára rẹ: ẹrù tí o lè gbé á pọ̀ sí i, ohun tí o bá lù á sì gbọgbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Athletic ń fi 4 kún okun ara: wàá lè sáré dáadáa, èémí rẹ kò sì ní tètè tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ti rẹ̀ láti lu òkú tó ń rìn kó ṣubú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e jẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó ikú.

O lè fi eré ìdárayá gbé méjèèjì ga, àmọ́ ó ń pẹ́ gan-an.

Bí o bá fẹ́ kó pákó àti oúnjẹ jọ sí Muldraugh, ìlú kékeré kan nínú géèmù náà, mú Strong. Bí Louisville, ìlú ńlá inú géèmù náà, ni ò ń lọ, níbi tí àwọn òkú tó ń rìn ti pọ̀ bí èrò Oshodi nírọ̀lẹ́, Athletic ni kí o mú.