Saxon-HE ló yọ mí nínú wàhálà namespace

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ jáde ní Ojúde Ọba kì í jẹ́ ká sùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á fi orúkọ ránṣẹ́ ní XML, fáìlì tí wọ́n fi àmì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́; èmi á fi stylesheet XSLT, ìyẹn ìlànà tó ń sọ bí a ṣe máa tò ó, sọ ọ́ di ojú ìwé.

Ó pẹ́ tí mo ti ń lo xsltproc, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú ìlànà yẹn ṣẹ, kò já mi kulẹ̀ rí, àfi ọdún tí ẹgbẹ́ kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sílẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé, kò sí tábìlì, kò sí àkọlé. Orúkọ, oyè àti nọ́ńbà fóònù kàn lẹ̀ mọ́ra wọn látòkè délẹ̀, bí ọkọ̀ tó há sí Ṣágámù. Kò sì sọ pé àṣìṣe kankan wà!

xmlns kan ṣoṣo tó ti wọ ìlà àkọ́kọ́ fáìlì wọn ló fà á. Òun ló ń sọ namespace, tó dà bí orúkọ ìdílé fún àwọn orúkọ inú fáìlì. Nínú XSLT 1.0, bí ẹ bá kọ orúkọ láìsí prefix (orúkọ kúkúrú tó ń ṣáájú, tó dúró fún namespace) nínú match, ibi tí template, ìyẹn òfin kọ̀ọ̀kan nínú stylesheet, ti ń sọ ohun tó ń wá, ohun tí kò ní namespace rárá ló ń wá. Mo kọ xmlns yẹn náà sórí stylesheet mi, pàbó ló já sí. Mo wá lo local-name(), tó ń wo orúkọ láìka namespace sí, káàkiri. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi tí mo kọ ọ́ ò lè kà á mọ́.

Nígbà tí mo gbé fáìlì yẹn fún Saxon-HE, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ xsltproc, ó kìlọ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé inú namespace báyìí ni ìwé náà wà, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò ní namespace ni gbogbo template mi ń wá. Mo dúpẹ́ gidi lọ́wọ́ Michael Kay tó kọ ọ́. Mo sọ version stylesheet mi di 2.0, mo fi xpath-default-namespace, tó ń sọ namespace tí orúkọ tí kò ní prefix wà, sókè, tábìlì padà. Láti 2007 ni nǹkan yìí ti wà nínú XSLT! Kì í kan attribute (àlàyé tí wọ́n kọ sínú àmì XML fúnra rẹ̀) o, kì í sì í kan ohun tí ẹ ń kọ jáde. Fún prefix tó bá ń tẹ̀ lé yín wọ HTML, exclude-result-prefixes ni kẹ́ ẹ lò.

Prefix ò ju orúkọ àdúgbò lọ. Ìyá tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ nílé, Ìyá Onígaàrí ni lọ́jà, ẹnì kan náà ni. Èmi kọ m:, wọ́n kọ egbe:, Saxon mọ̀ pé ọ̀kan ni, torí URI, àdírẹ́sì tó jẹ́ orúkọ namespace gan-an, ló ń wò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wò: / kan péré tó ṣẹ́kù lẹ́yìn URI gba gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi.

Saxon-HE kò gba kọ́bọ̀. Java ló ń lò, nítorí náà kì í tètè gbéra bíi xsltproc. Ẹ má sì yọ jar rẹ̀, fáìlì Java tó gbé ètò náà, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà lib tó bá a wá, kò ní ṣiṣẹ́.