Ìwọ́de méjì lọ́dún kan: bí ìwé ọlọ́pàá àti ti káńsù ṣe rí lọ́wọ́ mi ní London

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní gúúsù London. Nígbà tí àwọn bàbá fi mí jẹ oyè yìí, wọ́n ní kò ju kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀. Irọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kọ gbogbo ìwé tí ìwọ́de méjì gbà. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ìyá, lórí ọ̀bẹ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń gún ara wọn. Èkejì jẹ́ ti àjọ̀dún ọdún 25 ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú onígángan mẹ́rin àti egúngún kan. Àwọn èèyàn ti ń pè mí láti béèrè bí a ṣe ṣe é, ẹnu mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síbi kan.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ìwọ́de àwọn ìyá kò kan káńsù rárá, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló lọ. Public Order Act ti 1986 ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó èèyàn rìn lójú títì láti sọ pé òun fara mọ́ nǹkan tàbí pé òun kò fara mọ́ ọn, láti polongo ọ̀rọ̀ kan, tàbí láti ṣe ìrántí ohun kan, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọlọ́pàá ní ọjọ́ 6 gbáko ṣáájú, ó kéré tán. Ọjọ́, aago, ọ̀nà tí ẹ máa gbà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń ṣètò: ó parí. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mi ò pè é ní ìwé àṣẹ o, nítorí ẹ ò tọrọ àṣẹ kankan, ẹ kàn ń fi tó wọn létí ni. Wọ́n lè ní kí ẹ gba ọ̀nà míì, tàbí kí ẹ tètè parí, àmọ́ kí wọ́n tó lè fòfin de ìwọ́de pátápátá, àfi kí Home Secretary, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ dúró sójú kan pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, òfin yẹn ò tilẹ̀ ní kí ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni Trafalgar Square, tó jẹ́ pé ọ́fíìsì Méyọ̀ ló ni àṣẹ ibẹ̀, àti iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí ẹ ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí láìgba àyè.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ ọ́ lórí fóònù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ó ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, sájẹ́ǹtì kan pè mí, ó béèrè bóyá àwọn ìyá àgbàlagbà wà nínú wa tí wọn ò lè rìn jìnnà, ó sì ní kí a gé ọ̀nà náà kúrú síbi kan báyìí. Lọ́jọ́ náà ọlọ́pàá méjì ló wá, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró fún wa ní oríta. Àwọn ìyá gbé fọ́tò ọmọ wọn sáyà, wọn ò sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la fi rìn. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún ọlọ́pàá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé máa rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Mo wà ní Ojota ní oṣù kìíní 2012, nígbà tí epo fò láti náírà 65 sí 141 tí Èkó sì tú sí páàkì Gani Fawehinmi. Ohun tí àwọn ará ilé wa ń pè mí sí lórí fóònù ni pé, ṣé ẹ gba pámíìtì? Bẹ́ẹ̀, láti 2007 ni Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Abuja ti dájọ́, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ọ̀gá ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP, pé kò sẹ́ni tó nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó wọ́de. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 tún fi kún un pé tí èèyàn bá ti fi tó wọn létí, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n kó èèyàn wá ṣọ́ ọ. Síbẹ̀ ẹ lọ dúró sí gbàgede báyìí, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Ó yá, káńsù.

Mo ti rò pé bí ti àwọn ìyá ṣe lọ wẹ́rẹ́ ni ti àjọ̀dún náà máa lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé 19. Ilé ìgbẹ́ mélòó lẹ máa gbé wá? Ta ló máa gbálẹ̀? Ẹranko ńkọ́? Ṣé ẹ máa dáná? Wọ́n ní kí a mú inṣọ́ránsì tó lè san mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn wá, bí nǹkan bá lọ ṣe ará ìta. Akápò wa ka ibẹ̀, ó jókòó. Ó ti rò pé àwa la máa san mílíọ̀nù márùn-ún.

Ìbéèrè kẹrìnlá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Ó ní: ta ni yóò wọ aṣọ egúngún náà, ṣé onítọ̀hún ń ríran dáadáa nínú rẹ̀, ṣé aṣọ ọ̀hún kì í tètè gbiná? Obìnrin sì lèmi. Bóbìnrin mọ awo, kò gbọdọ̀ wí, ẹ wá ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí n fọwọ́ sí i, kí n kọ déètì. Mo pe Bàbá Alága.

“Akọ̀wé, ta ló sọ fún wọn pé èèyàn wà nínú ẹ̀?”

“Ẹ má bínú sà, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Fọ́ọ̀mù ló bi wá.”

“Sọ fún fọ́ọ̀mù náà pé ará ọ̀run ni.”

Ọjọ́ mẹ́rin la fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbẹ̀yìn mo kọ “ẹni kan, pẹ̀lú atọ́kùn méjì”, mo sì kọ ọ́ síwájú pé orúkọ wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́. Obìnrin tó ń mójútó ìwé wa ní káńsù pè, ó ní kí ni wọ́n ń pè ní atọ́kùn. Mo ní òun ló ń bá a rìn, tó ń sọ ibi tí yóò gbà àti ibi tí yóò dúró fún un, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ ti ní àwọn tó ń darí ẹ̀, tí wọ́n sì mọṣẹ́?” Mo ní kí bàbá bàbá mi tó dáyé ni a ti ní wọn. Ó gbọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an ló fi ọwọ́ sí. Pàṣán ni kò gbà. Ó ní ohun ìjà ni. Bàbá Alága ní egúngún tí kò mú pàṣán dání, ẹ̀rù ta ló máa bà? A fi í sílé.

Ibi tí mo ti bínú ni ti títì. Òfin tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà fún irú nǹkan báyìí ti wà láti 1847, ọdún 14 kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó, wọ́n sì ń lò ó bí ẹni pé ẹṣin ló ṣì wà lójú ọ̀nà. Káńsù fẹ́ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ 9 ló kù fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ 12 yìí fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ pè, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti kọ ojú ewé 19 tán ni. Yàtọ̀ síyẹn, àwa la máa sanwó fún iléeṣẹ́ tó ń gbé pátákó àti kóònù sójú ọ̀nà, owó náà sì ju ti onílù àti ti oúnjẹ lápapọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa wá gbọ́n. Ó ní, “Mà, ṣebí ìrántí wà nínú òfin ọlọ́pàá yẹn? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé à ń wọ́de.” Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rántí àwọn ìyá Ẹ̀gbá lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ní àwọn ọdún 1940 tí wọ́n ń bá Aláké jà lórí owó orí obìnrin. Ìjọba kò fún wọn níwèé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n bá ní àwọn kò wọ́de o, píkíníìkì làwọn ń lọ, ọdún làwọn ń ṣe. Àwa tí à ń ṣe ọdún lóòótọ́ la wá fẹ́ pè é ní ìwọ́de! Mo pe sájẹ́ǹtì. Ó ní òun á gba ìwé wa, ẹ̀tọ́ wa ni, àmọ́ àwọn kò ní ọlọ́pàá tó máa dá ọkọ̀ dúró fún ijó, iṣẹ́ káńsù nìyẹn. Bí inú bá ń bí yín, ẹ óò rí ọlọ́pàá. Bí inú yín bá ń dùn, ẹ lọ wá kóònù.

A fi títì sílẹ̀, a gba ẹ̀gbẹ́ títì dé páàkì. Àwọn nǹkan tó kù kò le: gángan tí ẹ ò so mọ́ ẹ̀rọ kò gba láísẹ́ǹsì láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́. Fún bíà tí a tà nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn náà, a san £21 fún Temporary Event Notice, ìwé tí a fi ń sọ fún káńsù pé a fẹ́ ta ọtí fúngbà díẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú, èèyàn kò sì gbọdọ̀ ju 499 lọ, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé bíà kiri. Ẹ má jẹ́ kí ó ku ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 9 o, wọ́n ṣì ń gbà á, àmọ́ bí ọlọ́pàá bá ti lòdì sí i nígbà náà, ó parí, kò sí ìjíròrò.

Lọ́jọ́ náà, oríta kan wà kí a tó dé páàkì. Iná pọ́n. Atọ́kùn na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lára òpó, egúngún dúró. Gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, onígángan sì ń kì í láti ìran dé ìran bí ẹni pé ààfin la dé. Ọmọ kan nínú bọ́ọ̀sì fi imú tẹ gíláàsì, ó ń wò ó. Iná di àwọ̀ ewé, ará ọ̀run sọdá.

Ìràwọ̀ méjì àtààbọ̀ ni mo fún káńsù. Ààbọ̀ yẹn, ti obìnrin orí fóònù ni. A máa tún ṣe é lọ́dún yìí, mo sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 16 ṣáájú. Ní ìbéèrè kẹrìnlá, ohun tí mo kọ lọ́dún tó kọjá náà ni mo kọ.