Sọ́ọ̀mílì tí mo ti ra pákó òrùlé l'Adó: igi dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní kọ́fà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé l'Adó-Èkìtì níbí, sọ́ọ̀mílì kan wà tí mo ti ra pákó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. 2x4, 2x3 àti 1x12 ni kápẹ́ńtà mi kọ sí bébà fún mi. Igi wọn dáa gan, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ó gbẹ, kò lọ́, kòkòrò ò jẹ ẹ́, 2x4 wọn sì pé, torí ibòmíì wà tó jẹ́ tẹ́ ẹ bá fi tépù wọ̀n ọ́n ẹ máa rí i pé wọ́n ti jí lára ẹ̀. Pákó kọ̀ọ̀kan fi ₦300 dínwó sí ti ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún bá mi kó o sínú ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ mo dúró wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń la igi mi. Kápẹ́ńtà ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ìdí sákúlà, ẹ̀rọ alábẹ róbótó tí wọ́n fi ń la igi, ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, torí náà ojú mi kì í kúrò lára ẹ̀ tó bá ti ń yí. Sákúlà ibẹ̀, ìhòòhò ló wà. Kò sí kọ́fà lórí abẹ, kò sí nǹkan tó bo bẹ́lítì ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ti igi sí i kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, sílípáàsì ló wọ̀, ó fi áńkáṣíìfù so imú, ọwọ́ lásán ló sì fi ń ti pákó dé ẹnu abẹ gan-an. Ìgbà tó nawọ́ gba bébà lọ́wọ́ mi ni mo rí i pé ìka méjì lọ́wọ́ òsì ẹ̀ ti gé dé oríkèé.

Mo ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ yìí ni?" Ó ní, "Òun náà ni, mà, lọ́dún tó kọjá." Mo bi í pé ta ló sanwó ọsibítù, ó ní ọ̀gá san tọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá òun tó ń ta gààrí ló san ìyókù. Egbò yẹn ò tíì jiná tán tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún wọn, ẹni tí ò bá wá ò ní gba nǹkan kan.

Mo lọ bá ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Èèyàn dáadáa ni bàbá yẹn, wọ́n fún mi ní àga, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Màmá, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, díísù la fi ń ṣiṣẹ́, owó orí wà lọ́rùn wa, ṣé èmi ni n ó tún máa ra ibọ̀wọ́ fún wọn?" Inú bí mi. Ta ló ń sọ ti ibọ̀wọ́? Nídìí sákúlà tó ń yí, ibọ̀wọ́ gan lè kọ́ mọ́ eyín abẹ kó fa gbogbo ọwọ́ wọlé, bàbá mi kì í wọ̀ ọ́ rárá. Kọ́fà irin ni mò ń sọ, wẹ́dà lè jó o láàárín ọjọ́ kan, àti igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n á máa fi ti pákó dípò ìka, gígé igi tí wọ́n lè fi ṣe é kún ilẹ̀ níbẹ̀.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Factories Act ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n bo gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, ẹni tó ni ibi iṣẹ́ ló sì ń bá wí. Òfin Employee's Compensation Act ti 2010 náà wà: ọ̀gá á máa san iye tó jẹ́ 1% owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ látàpò ara ẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ jáde lápò òṣìṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá wá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá á fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú àti owó ìka tó lọ á ti wá. Ọmọ yẹn ò gbọ́ orúkọ NSITF rí.

Bàbá yẹn ò kúkú purọ́ tán o. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti wá yẹ ẹ̀rọ wò rí, wọ́n ní àwọn fọ́rẹ́sìtì nìkan ló ń wá, wọ́n á wo gẹdú, wọ́n á wo àmì tí ìjọba fi òòlù lù sí i lára, wọ́n á lọ. Ó dùn mí. Àwọn kan ní kí ìjọba Èkìtì ṣòfin tiwa, àmọ́ ìwé òfin 1999 ti gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ààbò wọn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ìnsípẹ́tọ̀ mínísírì lébọ̀ l'Abuja ló yẹ ká máa pariwo sí kí wọ́n dé sọ́ọ̀mílì náà. Èmi fẹ́ kí wọ́n wá, kódà kí wọ́n ti ibi tó bá kọ̀ pa títí wọ́n á fi ṣe é. Ọkọ mi ò gbà, wọ́n ní àwọn ìnsípẹ́tọ̀ á kàn sọ ọ́ di ọ̀nà àtijẹ ni, ọ̀gá á lé àwọn ọmọ yẹn dànù. Mo mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìka mẹ́jọ ló kù fún ọmọ yẹn, ìdí ẹ̀rọ kan náà ló sì ṣì wà.

Igi 5 nínú 5, owó 5, ẹ̀rọ 1. Pákó bíi 60 ṣì kù tí mo máa rà fún bọ́ìsì kọ́tà, mo sì ti sọ fún ọ̀gá pé mi ò ní ná an, kí wọ́n fi ₦300 kún pákó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi jó kọ́fà. Wọ́n ní àwọn á pe wẹ́dà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ wọn. Sátidé ni mo máa lọ wò ó kí n tó sanwó.